Omi Gbígbóná Ìyá Ìséyìn

Òórùn ẹja yíyan àti ti sípíríìtì ni mo fi ń rántí àárọ̀ tí Màmá ti Benin dé. Obìnrin tó ń gbé yàrá kejì sí tiwa ń yan ẹja lẹ́yìnkùlé, èéfín rẹ̀ sì gba ojú fèrèsé wọlé. Màmá wọlé díẹ̀díẹ̀, Bàbá dì í mú lápá ọ̀tún, òórùn ilé ìwòsàn ṣì wà lára rẹ̀. Wọ́n ti gé ọmú rẹ̀ òsì kúrò nítorí jẹjẹrẹ. Ó wò mí, ó ní, "Ṣé o ti jẹun?" Bó ṣe béèrè ìyẹn ni ọkàn mi balẹ̀.

Ọmọ ọdún mẹ́wàá ni mí nígbà náà. Ìjà ìlú ń lọ lọ́wọ́ ní Warri, àwọn sójà wà ní oríta, ọjọ́ mìíràn sì wà tí òfin kónílé-ó-gbélé ń ká gbogbo wa mọ́lé. Ẹ̀yin tí ẹ dàgbà níbẹ̀ mọ bó ṣe rí: bí ọ̀nà bá ti dí, ọwọ́ kò lè tó dókítà mọ́. Ohun tí a bá bà jẹ́ nínú ilé, inú ilé náà ni yóò wà.

Sista Ẹfẹ, nọ́ọ̀sì tó ń gbé ní òdìkejì àdúgbò wa, ló kọ́ wa bí a ṣe máa tọ́jú Màmá. Rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ kan jáde láti ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ wọ inú ìgò ike kékeré. Ibẹ̀ ni omi ọgbẹ́ ń sun sí. Sista ní kí a máa fi ọṣẹ fọwọ́ kí a tó fara kàn án, kí a máa da omi náà nù láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́, kí a sì máa kọ bó ṣe pọ̀ tó sílẹ̀. Èmi ló nàka sí. "Na you go write am. Your papa dey fear blood." Bàbá kò jiyàn pé ẹ̀jẹ̀ ń ba òun lẹ́rù.

Ṣùgbọ́n télọ̀ ni Bàbá, ó sì rí iṣẹ́ tirẹ̀ ṣe. Ó la àwọn bùbá Màmá níwájú, ó fi bọ́tìnnì sí wọn, kí Màmá má baà máa gbé apá sókè kó tó wọṣọ. Ó rán àpò sí wọn nínú, níbi tí ìgò náà ń gbé. Ó rán ìrọ̀rí kékeré tí Màmá ń fi sábẹ́ apá bó bá fẹ́ sùn. Ó tún fi òwú ṣe ọmú kan tí yóò máa wọ inú kọ́mú rẹ̀ nígbà tí ọgbẹ́ bá jinná. Èyí tó kọ́kọ́ ṣe tóbi ju èyí tó kù lọ. Màmá gbé e sókè, ó ní, "Bàbá Rísì, ọmú ta lẹ wò rán èyí?" Ó rẹ́rìn-ín títí tó fi di ìrọ̀rí mú mọ́ àyà. "Ẹ má pa mí lẹ́rìn-ín o, ọgbẹ́ mi!"

Ìyá tó bí Màmá dé láti Ìséyìn ní ọjọ́ karùn-ún. Ìkòkò kan àti aṣọ ìnura ńlá kan ló kó wá. Gbogbo obìnrin tó bá bímọ nínú agbo ilé wọn, Ìyá ló ń ti aṣọ bọ omi gbígbóná, tó sì ń fi tẹ wọ́n lára títí agbára wọn á fi padà. Kò mọ ọ̀nà mìíràn tí a fi ń tọ́jú obìnrin tó rẹ̀. Bẹ́ẹ̀, Sista Ẹfẹ ti kìlọ̀ níṣojú mi pé a kò gbọdọ̀ fi ohun gbígbóná kan ojú ibẹ̀ tàbí apá náà: ara ibẹ̀ ti kú, Màmá kò ní mọ̀ bó bá ń jó o, apá sì lè wú.

Ní òwúrọ̀ kejì, kò sẹ́ni tó lè jáde. Bàbá ti há sí ṣọ́ọ̀bù láti àná, Sista sì wà lẹ́nu iṣẹ́. Omi ń hó lórí sítóòfù.

"Ìyá, wọ́n ní kí a má ṣe é," Màmá wí.

"Ta ni wọ́n? Ṣé wọ́n ló bí ọ ni?"

Màmá kò lè bá ìyá rẹ̀ jà. Mo dúró sẹ́nu ọ̀nà yàrá, n kò tilẹ̀ kúnlẹ̀.

"Ìyá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gbé e wọlé."

"Yà lọ́nà, ọmọ Warri."

Ẹ̀rù bà mí, Yorùbá sá mọ́ mi lẹ́nu. "Abeg, e go burn am!"

"Kí ló ń wí?"

"Ó ní ó máa jó mi," Màmá dáhùn láti orí bẹ́ẹ̀dì.

Mo sáré mú ìwé mi. Ìyá kò mọ̀wé, àmọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ iye tí mo ń kọ, mo máa ń fa ìlà kan fún ọjọ́ kọ̀ọ̀kan, bí omi bá ṣe ga tó nínú ìgò. Ó gbé ìkòkò sílẹ̀, ó fi ìka wọ̀n wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan.

"Ó ń kúrú," ó ní.

"Ó ń kúrú, Ìyá. Bó bá kúrú tán, wọ́n á yọ rọ́bà."

Ó kọjú sí Màmá. "Ṣé lóòótọ́ lo ò mọ nǹkan kan níbẹ̀?"

"Bí ẹni fọwọ́ kan ara ẹlòmíràn ni, Ìyá."

Ìyá mí kanlẹ̀. "Ó dáa. Àmọ́ omi mi kò ní ṣòfò." Ó fà mí jókòó. Èmi tí n kò lóyún, tí n kò bímọ, ni wọ́n fi aṣọ gbígbóná tẹ̀ níkùn bí abiyamọ ọjọ́ kẹta. Mo ké, Màmá rẹ́rìn-ín.

Láti ọjọ́ náà, Ìyá le ju nọ́ọ̀sì lọ. Bí Màmá bá nawọ́ sí korobá, igbe ni. Sista kọ́ wọn bí Màmá yóò ṣe máa fi ìka gun ògiri bí alángbá, Ìyá sì ń fi ṣọ́ọ̀kì sàmì síbi tó bá dé. Bí Ìyá bá fẹ́ kó yára jù, Màmá á fúnra rẹ̀ sọ pé, "Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́." Nígbà tí ọ̀nà là, dókítà yọ rọ́bà, ọgbẹ́ gbẹ. Kí ọdún tó parí, Màmá ti ń fi apá òsì gbé ańkárá kọ́ sókè ní ìsọ̀ rẹ̀ ní Main Market.

N kò lè fi ọwọ́ sọ̀yà pé èmi ni mo gba apá náà là. Bí Ìyá tilẹ̀ lo omi náà, ó ṣeé ṣe kó má ṣe é ní nǹkan kan. Ìlà mẹ́fà péré kì í ṣe ẹ̀rí ńlá. Mo ti gba ìwé ẹ̀rí yunifásítì báyìí, mo mọ bí a ṣe ń yẹ ọ̀rọ̀ wò dáadáa ju ìgbà náà lọ. Ṣùgbọ́n lọ́sẹ̀ tó kọjá, níbi ìpàdé, ọ̀gá wa sọ ohun tí mo mọ̀ pé kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹ̀rí mi pé, ó ju ìlà mẹ́fà lọ dáadáa. Mo ń wọ̀n ọ́n lọ́kàn, mo ń wọ̀n ọ́n, títí ìpàdé fi túká. Ọmọ ọdún mẹ́wàá yẹn ì bá ti dìde.