Ọjọ́ Tí Ìyá Topo Wọ Ọkọ̀ Bàbá Mi

Nígbà tí mo wà ní kékeré, tí orí mi kò tíì ga ju ọwọ́ ilẹ̀kùn mọ́tò lọ, bàbá mi wa ọkọ̀ kan wọ àgbàlá wa ní Aradagun. Pupa ni, ó kúrú, ó sì rí roboto. Tíṣà ni bàbá mi, ojoojúmọ́ ló ń lọ kọ́ni nígboro Badagry, nítorí náà ọkọ̀ tí kò ní máa mu epo nímukúmu ló wá kiri. Inú wa dùn débi pé a gbàgbé ẹ̀bà wa sílẹ̀. Ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi á rántí bí ilé tí mọ́tò bá wà ṣe máa ń rí lójú ọmọdé nígbà náà.

Èmi àti Sènámì ẹ̀gbọ́n mi là ń fọ̀ ọ́ láràárọ̀ kí a tó lọ sílé ìwé. Ìjókòó rẹ̀ ń rùn bíi rọ́bà tí oòrùn ti pa, pọ̀ mọ́ òórùn àgbọn tí màmá mi ń kó sí bọ́ọ̀tù. Títí dòní, òórùn yẹn ò tíì kúrò nímú mi. Ẹni tó bá gbá ilẹ̀kùn rẹ̀ gbàà, ó di kí ó kúnlẹ̀ kí ó gbọ́wọ́ sókè. Èmi ni mo jẹ ìyà yẹn jù, torí n kì í rọra ṣe nǹkan kan.

Bàbá Kankon, ẹ̀gbọ́n bàbá mi tó ń gbé ní Kankon, ló ba ayọ̀ náà jẹ́. Ọkọ̀ tirẹ̀ gùn gbọọrọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé abẹ́ igi máńgòrò ló sábà máa ń wà nítorí epo. Ó wo tiwa, ó bú sẹ́rìn-ín.

"Tíṣà, ṣé mọ́tò lo rà ni àbí agolo sadíìnì? Níbo lo fẹ́ kó ìyàwó àti ọmọ mẹ́ta sí níbẹ̀?"

Bàbá mi náà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n mo rí i pé ó dùn ún wọra. Láti ọjọ́ yẹn, ẹ̀yìn ilé ló ń gbé ọkọ̀ náà sí. Àánú bàbá mi ṣe mí. Màmá mi sọ fún wa pé ìyá rẹ̀ ni bàbá mi ń retí kó wá wò ó, àti pé bí ìyá náà bá fi rẹ́rìn-ín, bàbá mi yóò tà á.

Ègùn pọ́ńbélé ni ìyá bàbá mi. Topo, lódìkejì ọ̀sà, ló ń gbé, ìdí nìyẹn tí a fi ń pè é ní Ìyá Topo. Ọkọ̀ ojú omi kékeré kan ló fi ń kó ẹja gbígbẹ sọdá ọ̀sà wá tà, òun fúnra rẹ̀ ló sì ń tù ú. Ọkọ̀ yẹn ló fi rán bàbá mi lọ sílé ìwé. Lójú tirẹ̀, ọkọ̀ ni ọkọ̀ ń jẹ́, ì báà wà lórí omi, ì báà wà lórí títì.

A lọ pàdé rẹ̀ létí ọ̀sà ní ọjọ́ Àbámẹ́ta kan. Ó yí mọ́tò náà po, ó fi ẹ̀ṣẹ́ kan ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ bí ẹni tó fẹ́ mọ̀ bóyá igi ọkọ̀ ti ń jẹrà.

"Kí ló ń mu?"

"Gálọ̀nù méjì péré, Ìyá. Ó ń gbé mi lọ, ó ń gbé mi bọ̀, láti ọjọ́ Ajé títí di ọjọ́ Ẹtì."

Ìyá Topo ní kí màmá mi, tó sanra jù, jókòó sáàárín lẹ́yìn, kí èmi wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀, kí àwọn ẹ̀gbọ́n mi méjèèjì wà lápá ọ̀tún àti apá òsì, kí ọkọ̀ má baà fì sápá kan. Òun jókòó síwájú. Bí tírélà kan ti kọjá lára wa fìrì, tí afẹ́fẹ́ rẹ̀ mì wá, Ìyá Topo di orúnkún ara rẹ̀ mú, ó kígbe, "Ẹ jókòó jẹ́ẹ́!" A jókòó jẹ́ẹ́ lóòótọ́. Sènámì fi ọwọ́ bo ẹnu kí ẹ̀rín má baà pa á.

Bàbá Kankon ti ń dúró dè wá nílé. Ìyá Topo sọ̀kalẹ̀, ó kọjú sí i.

"Irú èyí ni mo fi tọ́ yín. Ńlá wà fún ọjọ́ ọdún. Èyí tí èèyàn ń wọ̀ lójoojúmọ́, kò gbọdọ̀ dá a lágara. Tíṣà, ọmọ mi, o ṣeun."

Bàbá mi yíjú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó ń nu gíláàsì mọ́tò tí kò dọ̀tí. Láti ọjọ́ náà, iwájú ilé ló ń gbé ọkọ̀ rẹ̀ sí.

Ayé ti yí padà. Ibi tí wọ́n ti ń fi ẹ̀rọ fọ mọ́tò ni à ń gbé tiwa lọ báyìí. Bí ọmọ mi bá gbá ilẹ̀kùn gbàà, kò sẹ́ni tó máa kúnlẹ̀. Epo ti wọ́n gógó, ọkọ̀ kékeré lèmi náà sì rà lọ́dún yìí. Àwọn ará ibi iṣẹ́ mi fi mí ṣe yẹ̀yẹ́, kò dùn mí. Ẹ̀rín ẹnì kan ṣoṣo ni mo ń bẹ̀rù. Ìyá Topo ti lọ tipẹ́, bàbá mi gan-an ti di arúgbó. Ó fi ọ̀pá tilẹ̀ jáde, ó yí ọkọ̀ náà po, ó fi ẹ̀ṣẹ́ kàn án.

"Kí ló ń mu?"

Mo sọ fún un. Ó wọ inú ọkọ̀, ó jókòó síwájú, mo sì wà á lọ sétí ọ̀sà. Bí tírélà àkọ́kọ́ ti kọjá lára wa, ó di orúnkún rẹ̀ mú.

"Ẹ jókòó jẹ́ẹ́," ló wí.

Àwa méjì péré la wà nínú ọkọ̀ náà.