Ẹgbẹ̀rin Àga

Ọdún mẹ́ta péré ni líìgì bọ́ọ̀lù alájùsáwọ̀n ìlú kan lò kó tó kógbá sílé. Láti ogún ọdún sẹ́yìn ni akọ̀wé rẹ̀ ti ń tún aago ṣe, tó ń retí kí ayé gbàgbé líìgì náà. Àṣé ọmọ àbúrò rẹ̀ obìnrin ń kọ ìtàn líìgì náà. Ọ̀sán ọjọ́ kan ló wọ ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ tayọ̀tayọ̀, pẹ̀lú ìwé àkọsílẹ̀ àtijọ́ lọ́wọ́.

"Bàbá, ẹgbẹ̀rin èèyàn ló wá wo àṣekágbá! Ọwọ́ yín lẹ fi kọ ọ́. Kí ló wá pa líìgì yín?"

Akọ̀wé tẹjú mọ́ aago iwájú rẹ̀ bí ẹni pé aago ló bi í ní ìbéèrè.

"Àga ni mo kà."

"Àga kẹ̀?"

"Mi ò fẹ́ kí ojú ti àwọn agbábọ́ọ̀lù wa nínú ìwé ìròyìn. Nígbà tá a wá bẹ ìjọba ìlú pé kí wọ́n bá wa tún gbọ̀ngàn tó ń jò ṣe, wọ́n ní ẹni tí èrò ń wọ́ tọ̀ báyìí ò nílò ìrànlọ́wọ́. Àkọsílẹ̀ mi ni wọ́n gbé síwájú wa."

Ọmọ náà ò rẹ́rìn-ín. Ó mú bírò. "Èèyàn mélòó ló wá gan-an?"

Akọ̀wé ti aago náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

"Mọ́kànlélọ́gbọ̀n. Yọ ìyá tó kàn sá wọlé fún òjò kúrò, kó ku ọgbọ̀n. Kó o sì kọ ọ́ síbẹ̀ pé èmi ni mo ka àga."