Òróró Lórí Kọ̀m̀pútà

Ọkùnrin tó ń bójú tó ìkànnì ayélujára ìjọ wa ní Ẹ̀gbẹ́dá kì í fi ìgò òróró sílẹ̀. Bí mo bá ní, "Arákùnrin, ẹ ṣe ẹ̀dà àwọn ìwàásù ibẹ̀ pa mọ́ síbòmíràn o," á ta òróró sórí kọ̀m̀pútà, á ní, "Ẹ̀jẹ̀ Jésù ti bò ó, jàre!" Ìwà ọ̀lẹ ló ń pè ní ìgbàgbọ́.

Nígbà tí ìkànnì náà bàjẹ́, gbogbo ìwàásù olùṣọ́ wa tó ti di olóògbé bá a lọ. Opó rẹ̀ wá bẹ̀ ẹ́: "Ọmọ mi, ohùn ọkọ mi ni mo kàn fẹ́ gbọ́."

"Màmá, ẹ gbà fún Ọlọ́run," ló wí, ó sì ń wá ìgò rẹ̀ kiri.

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run tó fún wa ní òróró, tó tún fún wa ní làákàyè. Òróró nìkan ni ọkùnrin yìí gbà.