Ẹnu Mọ́mì Mínísítà

Láti ọjọ́ Àìkú ni Wùmí Mákánjúọlá kò ti jókòó kó fara balẹ̀. Ó ń lọ, ó ń bọ̀ nínú pálọ̀ Lará, ọmọ rẹ̀ obìnrin, ní Richmond, lẹ́bàá Houston ní Amẹ́ríkà, fóònù lọ́wọ́, bí adìyẹ tó fẹ́ yé tí kò ríbi yé sí. Ìpè láti London ló ń retí. Ohun tó ń bà á lẹ́rù kò ju ẹyọ kan lọ: kí ẹnu òun má lọ gbaṣẹ́ lọ́wọ́ ọmọ òun tó wà lọ́hùn-ún.

Mínísítà ìṣúná ìlú ọba ni ọmọ náà, Èyítáyọ̀. Ẹ má fojú kékeré wò ó o! London ni Wùmí ti ṣe nọ́ọ̀sì, iṣẹ́ alẹ́ ló sì fi tọ́ àwọn ọmọ méjèèjì lẹ́yìn ikú baba wọn. Bó bá ti wọlé láàárọ̀, á bi Èyítáyọ̀ pé, "Kí lo kà lánàá?" Bí ọmọ bá ní òun kàwé ṣáá, á ní, "Ìwé wo? Dárúkọ ẹ̀!" Bẹ́ẹ̀ lọmọ ṣe kàwé, tó ṣiṣẹ́ báńkì, tí wọ́n dìbò yàn án sílé aṣòfin, tí àwọn kan fojú pa á rẹ́ títí, kí olórí ìjọba tó wá fi í ṣe mínísítà. Lọ́jọ́ tí ìròyìn náà dé Houston, níbi tí Mọ́mì ti wá bá Lará tọ́jú ọmọ, ariwo tó pa kò kéré. Aládùúgbò pe ọlọ́pàá!

Iṣẹ́ náà ní èèwọ̀ tirẹ̀. Ohun tó wà nínú bọ́jẹ́ẹ̀tì, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ gbọ́ ọ kí mínísítà tó kà á nílé aṣòfin. Èyítáyọ̀ mọ̀ dáadáa. Àmọ́ lọ́jọ́ Sátidé, ọkàn rẹ̀ ò balẹ̀, ó pe ìyá rẹ̀.

"Mọ́mì, ẹ bá mi gbàdúrà. Ọjọ́rú ni mo máa ka bọ́jẹ́ẹ̀tì."

"Kí ni kí n bá Ọlọ́run sọ?"

"Ẹ ṣáà gbàdúrà, mà."

"Ẹ ṣáà kẹ̀? Aláìsàn tí kò sọ ibi tó ń dùn ún, oògùn wo la fẹ́ fún un? Dárúkọ ọ̀rọ̀!"

Ọmọ rẹ́rìn-ín, ó dárúkọ ọ̀rọ̀. Ó ní òun fẹ́ fi kún owó orí àwọn onílé ńlá, kí àwọn arúgbó lè rówó mú ilé wọn gbóná nígbà òtútù, ṣùgbọ́n ẹgbẹ́ òun gan-an lè yarí.

Lọ́jọ́ kejì, ní ṣọ́ọ̀ṣì Aládùúrà wọn ní òpópónà Fondren, olùṣọ́ ìjọ ní kí ẹni tó bá ní kókó àdúrà dìde. Ta ni ì bá tún dìde bí kì í bá ṣe Mọ́mì Èyítáyọ̀?

"Ẹ̀yin ará, lọ́jọ́rú ni ọmọ mi máa fi kún owó orí àwọn onílé ńlá ní London, nítorí àwọn arúgbó! Gbogbo ẹni tó bá fẹ́ yarí sí i, kí ẹsẹ̀ wọn má gbé wọn délé aṣòfin!"

"Àmín!" Ìjọ mi tìtì. Lará nìkan ni kò ṣàmín. Ó ti rí kámẹ́rà lókè. Gbogbo ìsìn ni wọ́n máa ń gbé sórí Fésíbúùkù, gbogbo ayé ló sì lè wò ó. Nínú ọkọ̀ ló ti sọ fún Mọ́mì pé àṣírí bọ́jẹ́ẹ̀tì ti tú. Kí ilẹ̀ ọjọ́ Ajé tó ṣú, fídíò ti dé London, àwọn oníròyìn ti ká Èyítáyọ̀ mọ́lé.

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, fóònù dún.

"Mọ́mì, àwọn tó ń gbà mí nímọ̀ràn ní kí n sọ pé mi ò sọ nǹkan kan fún yín. Wọ́n ní kí n sọ pé orí yín ti ń dàrú."

Ó ta Mọ́mì lára. Orí tirẹ̀! Ṣùgbọ́n ó mí kanlẹ̀.

"Sọ ọ́. Sọ pé mo ti ya wèrè. Kí ló kàn mí, ta ló tún fẹ́ fẹ́ mi? Ẹnu mi ló kó bá ẹ, jẹ́ kí orí mi gbà ẹ́."

Èyítáyọ̀ ní òun ń lọ. Láìpẹ́, Lará tan tẹlifíṣọ̀n. Àbúrò rẹ̀ ló dúró nínú òjò yẹn, tó ń sọ fún àwọn oníròyìn pé, "Èmi ni mo sọ fún ìyá mi. Orí ìyá mi pé. Mo ti fiṣẹ́ sílẹ̀."

"Yéè! Ọmọ yìí pa mí o!" Mọ́mì pè é títí tó fi gbé e. "Olóríkunkun! Ṣé o ò gbọ́ ohun tí mo wí ni? Ta ló rán ẹ níṣẹ́?"

"Ẹ má bínú, mà. Bí mo bá pè yín ní wèrè lónìí, tí ẹ wá gbàdúrà fún mi lọ́la, báwo ni mo ṣe máa ṣàmín sí i?"

Mọ́mì lanu láti bú u, ẹkún ló jáde. Obìnrin tí ọ̀rọ̀ kì í wọ́n lẹ́nu rẹ̀! Ó dùn ún, ó tún dùn mọ́ ọn, kò sì mọ èyí tó ń sunkún fún nínú méjèèjì.