Oògùn Inú Ògì

Ọ̀fìnkìn ni ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin gbé wálé sí Ifangni. Awakọ̀ òfúrufú ni, òun ló ń fi bàálù gbé àwọn èèyàn ìjọba láti Kútọnú lọ sí ìhà àríwá. Gbogbo oògùn tí ìyá wa nà sí i ló kọ̀.

"Màmá, ẹ jẹ́ kí imú máa ṣomi. Dókítà wa ti kìlọ̀ pé oògùn tí òun kò bá rí, a kò gbọdọ̀ fi kan ẹnu. Oorun ń bẹ nínú wọn."

Ìyá mi dákẹ́. Ìyá mi kì í sì í dákẹ́ lásán.

Láàárọ̀, ẹ̀gbọ́n mi mu ògì, ó wọ tasí, ó lọ síbi iṣẹ́. Bó ti lọ tán ni ìyá mi bú sẹ́rìn-ín.

"Mo ti lọ oògùn náà sínú ògì rẹ̀. Alihamudulilahi, ó mu ún tán!"

Inú bí mi. Mo já èyí tó kù nínú oògùn náà gbà, mo sá bọ́ sójú ọ̀nà. Tasí tí mo bá kò gbéra àfi ìgbà tó kún. Mo jókòó, mo dìde, mo bú awakọ̀. Títí a fi kọjá Àjàṣẹ́ lójú ọ̀nà Kútọnú, gbogbo ohun tó bá dún lókè ni mò ń yọrí wò. Ta ni yóò jí i lókè ọ̀hún bí oorun bá gbé e lọ?

Sójà dá mi dúró lẹ́nu ọ̀nà pápákọ̀ òfúrufú. "Kamaráàdì, kí lo wá ṣe?" Ariwo tí mo pa ló mú ẹ̀gbọ́n mi jáde. Ó ń yán.

"Ta ló kú nílé?"

Mo na oògùn náà sí i, mo sọ ohun tí Màmá ṣe. Ó wò ó, ó ṣí fìlà iṣẹ́ kúrò lórí.

"N kò ní fò lónìí."

Ìgbà Rẹfolúsíọ̀n ìjọba sójà nìyẹn, tí gbogbo èèyàn ń jẹ́ Kamaráàdì; ẹni tó bá kọ iṣẹ́ ìjọba lè di ọ̀tá ìlú. Ẹlòmíràn ló gbé bàálù náà. Àwọn sójà mú ẹ̀gbọ́n mi wọlé, wọ́n ń bi í léèrè títí oòrùn fi wọ̀. Èmi ń rìn síwá sẹ́yìn níta, mò ń bínú sí ìyá mi, àánú rẹ̀ sì ń ṣe mí. Wọ́n fi ẹ̀gbọ́n mi sílẹ̀ ṣá.

Nígbà tó tún wálé, ìyá mi gbé ògì síwájú rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi mú ṣíbí, ó tún gbé e kalẹ̀.

"Ebi kò pa mí, Màmá."

Ìyá mi gbé abọ́ náà, òun fúnra rẹ̀ kọ́kọ́ mu díẹ̀, bí a ti ń ṣe fún àlejò tí a bá fẹ́ fún lómi, kó tó gbé e fún un. Ó mu ún.

Títí ìyá mi fi kú, kò gbé oúnjẹ fún ọmọ rẹ̀ yìí mọ́ láìkọ́kọ́ tọ́ ọ wò lójú rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi kò sì sọ fún un rí pé kó má ṣe bẹ́ẹ̀ mọ́.