Èbúté Tí Wọ́n Ti Já Ìyàwó Wa Sílẹ̀

Aṣọ ọmọ ni mò ń sá sórí okùn ní ọjọ́ tí ogun wọ àdúgbò wa ní Mọnróvíà. Nígbà tí mo gbọ́ ariwo náà, mo kọ́kọ́ rò pé àwọn kan ń já páànù sílẹ̀ láti inú ọkọ̀ ni. Ariwo náà kò dáwọ́ dúró. Àwọn aládùúgbò bẹ̀rẹ̀ sí í sáré gba ẹ̀yìnkùlé wa kọjá, ẹnì kan kò kí mi. Láti ìgbà tí mo ti dé ìlú yẹn, wọn kò kọjá láìkí mi rí. Mo ká aṣọ tútù kúrò lórí okùn, mo wọlé.

Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ ti máa ń bi mí pé kí ni mo wá dé Mọnróvíà, èmi ará Ìrókò tí n kò fojú kan òkun rí. Ràfíù, àkọ́bí mi, ló wà níbẹ̀. Ó kọ́ṣẹ́ télọ̀ ní Mónìyà, ó bá àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ, ọjà sì ń yá a níbẹ̀. Ó fẹ́ ọmọ ìlú náà kan tó ń jẹ́ Kọ́mfọ̀t. Nígbà tí Kọ́mfọ̀t bímọ, mo di èlùbọ́ àti irú, mo lọ bá wọn wẹ ọmọ gẹ́gẹ́ bí ìyá ọkọ ti í ṣe. Àbẹ̀kẹ́ ni mo sọ ọmọ náà. Mo ní n kò ní í pẹ́, ṣùgbọ́n mo pẹ́. Ọmọ ti ń di ògiri mú rìn kí ogun tó dé.

Kọ́mfọ̀t kò gbọ́ Yorùbá nígbà tí mo dé, àmọ́ kò pẹ́ kó tó máa gbọ́ ọ. Mo kọ́ ọ ní ọkà rírò. Mo kọ́ ọ bí wọ́n ti ń kúnlẹ̀ kí àgbà, àti bí ìyàwó ti ń ṣe nílé ọkọ. Àwòrán àwọn àbúrò Ràfíù méjèèjì, Múrítàlá àti Sìdíkátù, wà lára ògiri. Mo sọ fún un pé, "Wọ́n ti bí àwọn wọ̀nyí kí o tó wọlé wa. O kò gbọ́dọ̀ pè wọ́n lórúkọ. Fún wọn ní orúkọ tìrẹ, òun ni wàá máa pè wọ́n." Ó dúró wo àwòrán náà dáadáa. Múrítàlá fi bírò sápò, ó ní Akọ́wé ni òun á máa pè é. Sìdíkátù ń rẹ́rìn-ín nínú tirẹ̀, mo bá a wá Eyínfúnjowó. Ó pè é títí ahọ́n rẹ̀ fi yí sí i.

Ràfíù ń wo wa láti ìdí ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀. Ó ní, "Màámi, ẹ ti sọ obìnrin yìí di ará Ìrókò mọ́ mi lọ́wọ́. Kọ́mfọ̀t, èmi jẹ́ kó o máa pè mí ní Ràfíù mi jàre."

Kọ́mfọ̀t ní, "N kò pè é. Bàbá Àbẹ̀kẹ́ ni yín."

Bẹ́ẹ̀ la ṣe ń gbé. Nígbà tí ogun dé, àwọn tó ń gbógun bọ̀ kórìíra àwa ará Nàìjíríà ju ẹlòmíràn lọ, nítorí ìjọba ológun wa ti fi ṣọ́jà ránṣẹ́ síbẹ̀. Ràfíù lọ wá omi, wọ́n sì dá a dúró níbi tí wọ́n gbé igi dínà sí. Ilà ojú rẹ̀ ló tú u fó. Ọkùnrin tí wọ́n jọ lọ ló padà wá sọ fún wa, kò sì gbé ojú sókè títí tó fi sọ ọ́ tán. Wọn kò jẹ́ ká gbé òkú rẹ̀.

Lẹ́yìn ìyẹn, ìlẹ̀kùn la tì mọ́rí. Èlùbọ́ mi la ń rò ní pẹ́ẹ́pẹ̀ẹ̀pẹ́. Nígbà tó tán, a jẹ ewé gbáàgúdá, a jẹ ẹkùrọ́, mo ń rún un lẹ́nu fún Àbẹ̀kẹ́. Tí ìbọn bá dún, ọmọ náà á fi ọwọ́ bo etí ìyá rẹ̀. Kì í bo tara rẹ̀.

Ìròyìn wá kàn wá pé ọkọ̀ ojú omi kan ti dé èbúté, pé ó wá kó àwọn ará Nàìjíríà lọ sílé. A dì mọ́ èrò, a débẹ̀, wọ́n sì fà wá gòkè. Ọkọ̀ ẹrù ni, kò sí ibi jíjókòó. Irin ilẹ̀ rẹ̀ gbóná bí agbada. Wọ́n ń fi ife kékeré wọn omi fún wa. Bí a ṣe kúrò ní etíkun ni mo ń bì, èmi tí n kò wọ nǹkan tó ju ọ̀kadà àti mọ́tò lọ rí. Síbẹ̀ inú mi balẹ̀, torí mo ní ọmọ ti bọ́.

Ìyá Ìjẹ̀bú kan tó jókòó tì wá ló kọ́kọ́ gbọ́ ọ. Ó ní, "Ẹ gbọ́ o. Wọ́n ní omi ò ní í tó, èrò ti pọ̀ jù. Tí a bá dé èbúté tó ń bọ̀, wọ́n á yẹ̀ wá wò, wọ́n á sì já àwọn tí kì í ṣe ará wa sílẹ̀."

Kọ́mfọ̀t wò mí. A kò ráyè mú ìwé kankan kúrò nílé. Ìyá náà rí i, ó fọwọ́ kàn án léjìká. "Má jáyà, ìyàwó. Ṣáà jẹ́ kí wọ́n rí i pé ìyàwó Yorùbá ni ẹ́. Ta ló máa lé ìyàwó ilé?"

Kọ́mfọ̀t ní, "Mo mọ̀ ọ́n ṣe, mà."

A dé èbúté náà lọ́sàn-án. Faransé ni wọ́n ń sọ níbẹ̀, n kò mọ orúkọ ìlú náà títí dòní. Ẹni tó ń yẹ èèyàn wò nínú ọkọ̀ wa, ọmọ Yorùbá ni. Ilà wà lójú rẹ̀ gẹ́gẹ́ bíi ti Ràfíù. Nígbà tí mo rí ilà yẹn, mo ní Alhamdulillahi.

Èmi ló kọ́kọ́ pè. Ó bi mí ní orúkọ mi, mo ní Sàláwátù. Ó bèèrè orúkọ àwọn ọmọ mi, mo kà wọ́n fún un. Ó ní kí n lọ dúró lẹ́yìn okùn tí wọ́n ta dínà, kí n má sọ̀rọ̀ mọ́. Ó wá pe Kọ́mfọ̀t. Kọ́mfọ̀t pọn ọmọ, ó kúnlẹ̀ lórí irin gbígbóná yẹn, eékún méjèèjì.

"Kí lorúkọ ọkọ ẹ?"

"Bàbá Àbẹ̀kẹ́, sà."

"Orúkọ ẹ̀ ni mo bi ẹ́."

"Bàbá Àbẹ̀kẹ́ ni, sà."

"Àbúrò ẹ̀ ọkùnrin ńkọ́?"

"Akọ́wé."

"Èyí obìnrin?"

Ó rọra pè é kó má baà ṣì í. "Eyínfúnjowó."

"Ìyá ọkọ ẹ tó dúró síbẹ̀ yẹn, kí ni wọ́n ń jẹ́?"

"Màmá."

Ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín, ó yíjú sí ẹnì kejì rẹ̀. "O gbọ́? Kò mọ orúkọ ẹnì kankan. Wọ́n kàn há ìranù sí i lórí ni."

Mo kọjá okùn. Mo ní, "Ọ̀gá, wọ́n kọlà fún ẹ̀yin náà. Nínú àwọn ìyàwó ilé yín, ta ló ń pe ìyá yín lórúkọ?"

"Màmá, ẹ má bá mi fa ọ̀rọ̀. Orúkọ ni mo bèèrè."

"Kọ́mfọ̀t, dárúkọ wọn fún un."

Ó pè wọ́n. Ràfíù. Múrítàlá. Sìdíkátù. Orúkọ ọkọ rẹ̀ kò yọ̀ mọ́ ọn lẹ́nu, torí kò pè é rí láti ìgbà tí mo ti dé ọ̀dọ̀ wọn. Ó wò mí kó tó pe Sàláwátù.

Ọkùnrin náà ní, "Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbọ́ ọ lẹ́nu yín ni. Ó máa sọ̀. Ọmọ lè dúró, ọmọ wa ni."

"Ọmọ tó ń mu ọmú?"

"Ẹ fún un ní mílíìkì."

"Mílíìkì wo ló wà nínú ọkọ̀ yìí?"

Ó ti pe ẹni tó kàn. Ìyá Ìjẹ̀bú yẹn ń bẹ̀ ẹ́, ó ní òun mọ̀ wá, ó ní ìyàwó tòótọ́ ni. Wọ́n ní kóun náà dákẹ́ tí kò bá fẹ́ sọ̀. Mo gbé báàgì mi. Àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta la gba orí àkàbà sọ̀ kalẹ̀, mo sì wo ojú ọkùnrin náà dáadáa bí mo ṣe ń lọ. Títí di òní, tí mo bá rí i lọ́jà Mónìyà, màá dá a mọ̀.

Àwọn tó pa Ràfíù, ìbọn ni wọ́n mú dání, wọn kò sọ pé èèyàn wa làwọn. Ọkùnrin yìí mọ ohun tí Kọ́mfọ̀t ń ṣe. N kò gbà pé kò mọ̀ ọ́n. Ta ni Yorùbá tí wọn ò fún lórúkọ rí láàárín àwọn ìyàwó ilé wọn? Ó mọ̀ ọ́n, ó kàn fẹ́ kí èrò dín kù ni.

A wà ní èbúté yẹn, abẹ́ àtíbàbà àwọn tó ń yan ẹja la ń sùn. Mo ń bá wọn fọ ẹja, wọ́n ń fún wa ní orí ẹja àti ìfun rẹ̀. Níbẹ̀ la ti rí Kwéku, apẹja ará Gánà tó ní ọkọ̀ onípákó gígùn kan tó ní ẹ́ńjìnnì. Ó ń padà sílé. Kọ́mfọ̀t fi Gẹ̀ẹ́sì bẹ̀ ẹ́. Ó wò wá, ó ní tí a bá lè máa gbọ́n omi inú ọkọ̀ dànù, ká wọlé.

Etí ilẹ̀ lọkọ̀ náà ń rìn, kì í wọ àárín òkun. Bó bá dé èbúté kan, á dúró ra epo, á ta ẹja, á tún lọ. Ní èbúté kìíní, Àbẹ̀kẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í yàgbẹ́. Ní èkejì, mo gbé e sọ̀ láti wá oògùn. Àwọn tó wà níbẹ̀ ní ká mú ìwé wá, wọn kò jẹ́ ká kúrò lórí yanrìn. Mo tọ́ka sí ọmọ, wọ́n tọ́ka sí ọkọ̀. Ní ẹ̀kẹta, obìnrin kan fún wa ní omi àgbọn, ọmọ náà mu ún, ó sì bì í. Ọyàn Kọ́mfọ̀t ti gbẹ.

Ó kú lórí omi, kí a tó dé èbúté tó tẹ̀lé e. Kọ́mfọ̀t kò mọ̀, ó ṣì ń pọ̀n ọ́n, ó ń gbọ́n omi. Èmi ni mo rí i pé ọrùn ọmọ ti rọ̀.

Kwéku yí ọkọ̀ sí etíkun kan tí kò sí ilé níbẹ̀. Omi iyọ̀ ni gbogbo ibẹ̀. Àwọn apẹja náà gbé kẹ́ẹ̀gì omi mímu wọn fún mi, láìjẹ́ pé mo bèèrè. Èmi tí mo wẹ Àbẹ̀kẹ́ nígbà tí wọ́n bí i, èmi náà ni mo wẹ̀ ẹ́ bí ẹ̀sìn wa ti ní ká wẹ òkú. Mo fi ìborùn mi dì í. A gbẹ́ yanrìn títí a fi kan ilẹ̀ tó le.

Nígbà tí a padà sínú ọkọ̀, mo sọ fún Kọ́mfọ̀t pé, "Láti òní lọ, máa pe gbogbo wa lórúkọ. Èmi, Múrítàlá, gbogbo ẹni tí o bá bá nílé. Má fún ẹnikẹ́ni lórúkọ mọ́." Ó ń wo etíkun yẹn títí kò fi hàn mọ́.

Ní Tẹmá, èbúté Gánà tí Kwéku já wa sí, àwọn Yorùbá tó wà níbẹ̀ sọ fún wa pé ọkọ̀ ńlá wa ti kọjá lọ tipẹ́. Wọ́n ní àwọn nọ́ọ̀sì ti ń dúró dè é ní èbúté ibẹ̀, pé wọ́n fún gbogbo ọmọdé inú rẹ̀ ní oògùn àti mílíìkì. Obìnrin tó ń sọ ọ́ fi ayọ̀ sọ ọ́. N kò lè wo ojú Kọ́mfọ̀t.

Ọkọ̀ ẹrù mìíràn gbé wa dé Kútọnu. A dé Àjàṣẹ́, a wọ ọkọ̀ ojú ọ̀sà lọ sí Àgbádárìgì. Omi ibẹ̀ dákẹ́, ó mọ́, àwọn èèyàn ń fi Yorùbá nájà láti inú ọkọ̀ sí ọkọ̀. N kò gbádùn rẹ̀. Mọ́tò ló gbé wa dé Ìbàdàn, òmíràn gbé wa dé Ìrókò.

Gbogbo agboolé tú jáde. Wọ́n ń sunkún, wọ́n ń dì mọ́ mi, wọ́n ń wo ẹ̀yìn wa bóyá Ràfíù ń bọ̀. Múrítàlá ti oko dé, ó sọ àdá sílẹ̀. Kọ́mfọ̀t kúnlẹ̀ fún un láàárín gbogbo wọn.

Ó ní, "Múrítàlá, ẹ kú àtoko bọ̀."

Àwọn ìyàwó ilé wo ara wọn. Ìyáálé ilé ní, "Ẹ wò ó, kí lèyí? Orúkọ àbúrò ọkọ rẹ lo là mọ́lẹ̀ báyìí? Sàláwátù, o ò kọ́ ọ ni?"

Mo ní, "Mo kọ́ ọ. Ó sì mọ̀ ọ́n jù yín lọ. Ẹ fi í sílẹ̀."

Mo mú Kọ́mfọ̀t lọ́wọ́, a wọlé. Ìgbà tó pẹ́ ni mo tó lè sọ ìyókù fún wọn, nígbà tí mo sì sọ ọ́, ìyáálé gbé omi wá fún Kọ́mfọ̀t fúnra rẹ̀.

Ó ti pẹ́. Kọ́mfọ̀t kò padà sí ìlú rẹ̀, gaàrí ló ń tà ní Mónìyà, Yorùbá rẹ̀ sì ti dán. Ọkùnrin inú ọkọ̀ yẹn, tó bá ṣì wà láyé, ó ti di bàbá ọkọ. Àwọn ìyàwó ọmọ rẹ̀ ń kúnlẹ̀ fún un, wọn kò ní pe orúkọ rẹ̀, inú rẹ̀ á sì máa dùn pé wọ́n gba ẹ̀kọ́. Mi ò dárí jì í, kí ẹnikẹ́ni má sì bá mi bẹ̀bẹ̀ fún un.

Nílé wa, tí Kọ́mfọ̀t bá ń ti ọjà bọ̀, láti ẹnu ọ̀nà ló ti máa ń pè mí, tí gbogbo agboolé á gbọ́. Sàláwátù ló ń pè. Mo sì ń dáhùn.