Apá Kejì Tí Mo Kọ̀ Láti Yọ

Títí di òní, bí mo bá gbọ́ ìró ẹ̀rọ ìránṣọ, ńṣe ni àtàǹpàkò ọwọ́ mi méjèèjì máa ń fẹ́ ṣiṣẹ́. Kì í ṣe pé mo mọ aṣọ rán o. Bàbá mi ló mọ̀ ọ́n. Ní Adjamé, nílùú Abidjan, kò sí ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ tó fẹ́ wọ agbádá lọ kírun ọdún tí kò mọ ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, nítorí iṣẹ́ ọnà tó máa ń ṣe sí ọrùn aṣọ. Ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù yẹn ni yàrá kan wà, ibẹ̀ ni mo kó tẹlifíṣọ̀n bíi mélòó kan sí, tí mo so ẹ̀rọ géèmù mọ́ wọn, tí àwọn èèyàn ń wá sanwó gbá bọ́ọ̀lù nínú rẹ̀. Bí ẹ̀rọ bàbá mi ṣe ń dún níwájú, bẹ́ẹ̀ ni àwọn oníbàárà tèmi ń pariwo góòlù lẹ́yìn. Mi ò ju ọmọ ogún ọdún lọ nígbà náà. Mo fi ọ̀dà pupa kọ "Directrice", ìyẹn ọ̀gá obìnrin, sára ilẹ̀kùn, mo so kọ́kọ́rọ́ mọ́ ọrùn, mo wá ń fi ojú ọ̀gá àgbà wo gbogbo ayé. Ẹni tó bá rí mi á rò pé báńkì ni mo ń ṣọ́.

Òfin kan wà nínú irú yàrá bẹ́ẹ̀ ní Abidjan, gbogbo èèyàn ló sì mọ̀ ọ́n: ẹni tí wọ́n bá nà á dìde, ẹni tó nà á á jókòó síbẹ̀ títí ẹni tó jù ú lọ á fi dé. Awakọ̀ woro-woro kan wà, ìyẹn takisí tí èèyàn máa ń pín wọ̀. Ọmọ Dyula ni, baálé ilé ni, ó sì ti sọ ìjókòó yàrá mi di oyè ìdílé rẹ̀. Ọgbọ́n kan ṣoṣo ló ní. Á sáré gba etí pápá, á gé wọlé nígun, á gbá a sókè, góòlù dé nìyẹn. Kò sẹ́ni tó lè dá a dúró, nítorí bí wọ́n ṣe ṣe géèmù ọ̀hún nìyẹn, aṣọ́lé inú rẹ̀ kì í kúrò lójú kan. Àwọn tó kù kọ́ ọgbọ́n náà lára rẹ̀, nígbà tó yá, gbogbo yàrá ń gbá bọ́ọ̀lù kan náà láti àárọ̀ dalẹ́. Wọ́n ń gbádùn ara wọn. Èmi tí mo ń wò wọ́n, oorun ló ń kùn mí.

Ìgbà tí apá tuntun géèmù náà jáde, mo rà á, mo sì kọ́kọ́ dá gbá a láàárọ̀ kí ẹnikẹ́ni tó dé. Lójú, kò sí ìyàtọ̀ kan tó pọ̀. Ṣùgbọ́n bí mo ṣe sáré gba etí pápá, ẹsẹ̀ agbábọ́ọ̀lù mi bẹ̀rẹ̀ sí í wúwo, ó ń rẹ̀ ẹ́. Bọ́ọ̀lù ò lẹ̀ mọ́ ọn lẹ́sẹ̀ mọ́. Mo gbá a sókè, aṣọ́lé jáde wá já a bí ẹni já ọsàn. Mo ní háà! Mo ní láti ronú kí n tó fi bọ́ọ̀lù ránṣẹ́, mo ní láti wo ẹni tó wà lọ́ọ̀ọ́kán, mo ní láti ní sùúrù, èmi tí sùúrù ò sí nílé wa. Inú mi dùn débi pé mo dá pariwo nínú yàrá òfìfo, bàbá mi sì béèrè láti iwájú bóyá iná ló gbé mi. Mo kó ti àtijọ́ kúrò nínú gbogbo ẹ̀rọ lọ́jọ́ náà.

Awakọ̀ dé lọ́sàn-án, ó jókòó sórí oyè rẹ̀, ó mú manette, ìyẹn ohun tí a ń tẹ̀ lọ́wọ́, ó ṣe bó ṣe máa ń ṣe. Aṣọ́lé já a gbà. Ó tún un ṣe, aṣọ́lé tún já a gbà. Kò pẹ́ tí ẹnì kan tí kò nà án rí fi nà án, ó sì di dandan kó dìde. Ó ju manette sílẹ̀.

"C'est gâté! Ma sœur, wọ́n ti bà á jẹ́. Mets l'ancien!"

Gbogbo yàrá gbè é lẹ́sẹ̀. Mo ní mi ò ní fi ti àtijọ́ síbẹ̀. Mo ní ẹni tó bá fẹ́ gbá bọ́ọ̀lù kó jókòó kọ́ ọ. Kí ọ̀sẹ̀ tó yí po, wọ́n ti kọjá sí yàrá géèmù tó wà ní òdìkejì títì, níbi tí ẹni tó ni ín ti ń fi ìgbéraga kígbe pé ti àtijọ́ ló wà lọ́dọ̀ òun.

Yàrá mi dá páropáro. Ọdún iléyá ń bọ̀, aṣọ ń wọlé fún bàbá mi láti gbogbo ọjà, kò sì ríbi kó o sí. Ó wá mú àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ méjì wọlé tọ̀ mí wá, Alhaji tó ń ta léèsì ní Treichville àti bàbá àgbà kan tó ti ń ta àǹkárá kí wọ́n tó bí mi. Ó ní kí n fi géèmù àtijọ́ sínú ẹ̀rọ kan, kí n fi tuntun sínú èkejì, kí n gbé tẹlifíṣọ̀n méjèèjì sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn. Wọ́n káwọ́ sẹ́yìn, wọ́n wò ó bí a ṣe máa ń wo ìgàn aṣọ méjì lójú ọjà. Alhaji tiẹ̀ bẹ̀rẹ̀, ó fi àtàǹpàkò ra ojú tẹlifíṣọ̀n bí ẹni ń wádìí bóyá léèsì náà ki.

"Pápá kan náà, bọ́ọ̀lù kan náà," ló wí. "Irú ẹ̀ wà nínú aṣọ. Wọ́n á pààrọ̀ bébà orí ẹ̀, wọ́n á tún un tà."

Bàbá mi wò mí. "Ṣé wọn ò ti ta èyí fún ọ lọ́dún tó kọjá, l'année passée, ni?"

Inú bí mi, ojú ń tì mí, mo fẹ́rẹ̀ẹ́ sunkún. Mo ní, "Bàbá, ojú là á fi í mọ aṣọ. Ọwọ́ là á fi í mọ géèmù. Ẹ jókòó, ẹ tẹ̀ ẹ́ wò." Alhaji ní astagfirulahi. Ta ni yóò jókòó sórí bẹ́ǹṣì pẹ̀lú agbádá láti máa tẹ ohun ìṣeré? Bàbá mi ní tó bá di vendredi, lẹ́yìn Jímọ̀, òun máa sọ ibi tí ọ̀rọ̀ yàrá yẹn máa já sí.

Mi ò lè jẹun. Ìgbà tí mo rò ó síwá sẹ́yìn ni mo wá rí ohun tó ń bí mi nínú. Àwọn kan ní kò sí ohun tó yí padà, nítorí náà kí n yọ ọ́. Àwọn kan ní gbogbo rẹ̀ ló yí padà, nítorí náà kí n yọ ọ́. Mo dìde, mo lọ bá awakọ̀ níbùdókọ̀, mo ní bàbá mi fẹ́ gbọ́ ẹ̀sùn rẹ̀. Inú rẹ̀ dùn, ó rò pé òun ti borí.

Lọ́jọ́ Jímọ̀, mo kúnlẹ̀ níwájú àwọn àgbà. Mo ní, "Tótó ó ṣe bí òwe, ẹ̀yin àgbà lẹ ni ín: agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni. Ẹ gbọ́ tẹnu oníbàárà." Awakọ̀, tó ti kọ́ Yorùbá díẹ̀ lọ́dọ̀ àwa ọmọ ọjà, ò jẹ́ kí n parí.

"Baba, walaï, wọ́n ti yí gbogbo ẹ̀, tout! Gardien, aṣọ́lé yẹn, ò dúró mọ́, ó ń jáde. Gbogbo ohun tí mo mọ̀, ó ti parí, c'est fini."

"Kí ni wọ́n yí?" Alhaji dá a lóhùn. "Mo fojú mi méjèèjì wò ó. Ọ̀kan náà ni."

"Ọ̀kan náà kẹ̀? Vieux père, ṣé ẹ gbá a ni?"

Ni ọ̀rọ̀ bá di iyàn jíjà láàárín wọn. Alhaji ń bú u pé kò ríran, awakọ̀ ń bẹ Ọlọ́run pé kó wá jẹ́rìí. Mo yíjú sí bàbá mi. "Bó bá jẹ́ ọ̀kan náà, Bàbá, kí ló ń pa awakọ̀ yìí lẹ́kún? Ọnà ọrùn agbádá tí ẹ ń ṣe yìí, ṣebí lọ́wọ́ ọ̀gá yín l'Ọ́yọ̀ọ́ lẹ ti kọ́ ọ. Bí ẹnì kan bá ní ẹ ò fi nǹkan kan kún un, ṣé ẹ ó gbà?"

Bàbá mi fọwọ́ kan ọnà ọrùn agbádá rẹ̀. Gbogbo ilé ló mọ̀ pé ọnà tó ṣí láàárín, tí ọ̀gá rẹ̀ máa ń sé pa, ló da àárín òun àti ọ̀gá náà rú, òun náà ló sì sọ ọ́ di olókìkí. Ó ní, "Ó yàtọ̀. O jàre." Ọkàn mi fò sókè. "Ṣùgbọ́n ta ló ń jókòó níbẹ̀? Ohun tuntun ẹ ti lé wọn lọ. Dá ti àtijọ́ padà, kí àwọn èèyàn ẹ padà wá, yàrá di tìẹ títí láé. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, lọ́la samedi, aṣọ ń wọlé."

Awakọ̀ ń rẹ́rìn-ín. Ọ̀rọ̀ bàbá mi dára, ọ̀rọ̀ ẹni tó mọ ọjà ni. Mo wo àwọn tẹlifíṣọ̀n mi, mo rántí oorun tó máa ń kùn mí. Mo ní, "Ẹ máa kó aṣọ yín bọ̀, Bàbá."

Bí mo ṣe di ará Yopougon, ní apá ibòmíràn nínú Abidjan, nìyẹn. Mo rí yàrá kan nítòsí Zone industrielle, ìyẹn àdúgbò àwọn ilé iṣẹ́ ńlá, òrùlé rẹ̀ ń jò, mo sì sunkún níbẹ̀ ju bí mo ṣe jẹ́ kí ará ilé mọ̀. Ṣùgbọ́n àwọn òṣìṣẹ́ tó ń jáde ní ilé iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í yà wọlé. Wọn ò mọ géèmù àtijọ́ rí, kò sí ọ̀gá láàárín wọn, gbogbo wọn jọ kọ́ ọ láti ìbẹ̀rẹ̀ ni. Mo rí wọn tí wọ́n ń ronú, tí wọ́n ń fi bọ́ọ̀lù ránṣẹ́ síra wọn, tí kò sí ìdíje kan tó jọ èkejì. Ohun tí mo tìtorí ẹ̀ fi yàrá sílẹ̀ nìyẹn, mo sì fojú mi rí i.

Lónìí, mo ṣì ń gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn tó mọ̀wé àti àwọn tí kò mọ̀wé pé apá kejì géèmù kì í ṣe ohun tuntun, wọ́n kàn ń gbọ́n wa lówó lọ ni. Mi ò purọ́ fún ẹnikẹ́ni: ọdún mìíràn wà tí wọ́n kàn pààrọ̀ aṣọ àwọn agbábọ́ọ̀lù, mo sì máa ń sọ fún àwọn oníbàárà mi pé kí wọ́n má yọ ara wọn lẹ́nu. Ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni má dúró lókèèrè dá a lẹ́jọ́ fún mi. Ẹ gbé e fún ẹni tó mọ ti àkọ́kọ́ dunjú. Bí ọwọ́ rẹ̀ bá ń wá ohun tó mọ̀ tí kò rí i, tó wá di ọmọ iṣẹ́ lẹ́ẹ̀kejì, ohun tuntun ti dé. Ọgbọ́n ọdúnnìí, wèrè ẹ̀míì, àwọn baba wa ló wí bẹ́ẹ̀, wọn ò sì yọ géèmù sílẹ̀.

Bàbá mi ò wá sí Yopougon rí. Bí mo bá lọ kí i ní Adjamé, á béèrè bóyá wọ́n tún ti ta òmíràn fún mi, màá ní bẹ́ẹ̀ ni, á sì mi orí. Títí ó fi kú ló ń sọ pé ó yẹ kí n ti dá ti àtijọ́ padà, kí n dúró ti òun lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù. Mo fẹ́ràn rẹ̀ ju bí mo ṣe lè sọ lọ, mo sì sunkún rẹ̀ títí ohùn mi fi há. Síbẹ̀, bó bá jí lónìí tó tún gbé àdéhùn yẹn ka iwájú mi, èsì kan náà ni màá fún un.